Ẹ bá wa to èyí tí agbára wa ká náà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ka tábìlì tí ẹ tẹ̀ jáde nípa àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì sílé, èyí tí ẹ tò láti orí èyí tó yára jù dé orí èyí tó lọ́ra jù, mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo tún padà sókè, mò ń wá ibi tí ẹ kọ iye tí èèyàn máa san sí, mi ò rí i. Ìyára nìkan ni. Ṣé eré sísá ni wọ́n ń bára wọn sá ni? Nílé tiwa o, bó ṣe yára tó kọ́ la kọ́kọ́ máa ń béèrè, ohun tí a máa ń béèrè ni pé èló ni, ìgbà wo la máa san án, tí a ò bá wá rí i san lóṣù kan ńkọ́.

Iṣẹ́ gáàdì alẹ́ ni mò ń ṣe, ìyàwó mi ń bá wọn tún ọ́fíìsì ṣe, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń lọ sílé ìwé. Kì í ṣe pé a ò ní íntánẹ́ẹ̀tì o. A ní in, a kàn ń rà á bí ẹni ń ra oògùn ẹ̀fọ́rí ni, hóró méjì méjì. Èmi á ra dátà ọlọ́jọ́ kan sórí fóònù mi, ìyá àwọn ọmọ á ra tiẹ̀, èyí àgbà á tún dé á ní tíṣà ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, fídíò ni, a máa ra tiẹ̀ náà, tí ọjọ́ ọ̀hún bá sì ti pé, gbogbo èyí tó bá ṣẹ́kù á pòórá, bí ẹni pé a ò rà á rí.

Lóṣù kan mo wá mú ìwé kan tí ọmọ ti lò tán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo owó dátà tó bá jáde nínú ilé sínú rẹ̀, tèmi, ti ìyá wọn, tàwọn ọmọ, títí dórí èyí tí mo yá lórí fóònù lóru tí wọ́n yọ owó orí rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí tí mo ro ó pọ̀, mo ní kí ìyàwó mi bá mi tún un rò torí mo rò pé mo ṣì í ni. Mi ò ṣì í. Iye tí a ná ju owó láìnì oṣooṣù kan lọ, láìnì tí gbogbo ilé ì bá jọ máa lò láìwo aago. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé àwa tí a sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé ti wọ́n jù fún, ohun tó wọ́n jù ú lọ gan-an la ń rà, a kàn ń rà á lójoojúmọ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ á san ti ọdún kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yọ díẹ̀ fún un. Èmi tí mò ń san án ní ṣíṣẹ́ǹṣẹ́ ni mò ń san owó gọbọi. Ta wá ni wọ́n ń dín owó fún?

Ẹ jẹ́ n tiẹ̀ sọ ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ mi ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ó ní òun fẹ́ máa bá mi tàkúrọ̀sọ. Inú mi ń dùn, mo ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn bàbá rẹ̀ o. Àṣé wáí-fáì ilé iṣẹ́ tí mò ń ṣọ́ ló ń já dé ẹnu géètì, ó sì ti rí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sí! Orí àga gáàdì ló ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ fún bí oṣù méjì, títí wọ́n fi yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, nǹkan wọn ni, wọn ò sì yá wa. Ṣùgbọ́n ojú tí ọmọ yẹn fi wò mí lọ́jọ́ tí kò wọlé mọ́ yẹn, òun ló lé mi dìde tí mo fi lọ ń wá láìnì kiri.

Mo wá pe ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù, mo ní ṣé ẹ ní èyí tó wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò pọ̀, ó ní rárá, kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì gbé e, òun ò tiẹ̀ jẹ́ kí n délẹ̀, ó ní ẹ̀yin márùn-ún nínú ilé, ẹ máa nílò 500 Mbps ni (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yára tó), ó sì fẹ́ forúkọ mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà kẹta tí mo pè, ọmọbìnrin kan ló dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní, "Ó wà o bàbá, ṣùgbọ́n a kì í polówó rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa béèrè." Ilé iṣẹ́ kan náà o, nọ́ńbà kan náà ni mo pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Bí mo bá ti jókòó lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, màá ṣì máa ra hóró méjì méjì mi lọ.

Mo ti wá kà nípa rẹ̀ láti ìgbà yẹn (èèyàn ní àkókò púpọ̀ lóru nídìí iṣẹ́ gáàdì), mo sì rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n fi pamọ́ fún. Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Lóṣù kejì ọdún 2022, Ofcom, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ṣírò rẹ̀, wọ́n ní nínú ilé bíi mílíọ̀nù 4.2 tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, nǹkan bí 55,000 péré ló ń gbà á. Ìyẹn ò ju ìdá kan àti díẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fojú inú wo àdúgbò tó ní ọgọ́rùn-ún ilé, tí gbogbo wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó, tó jẹ́ pé ẹyọ ilé kan ló mọ̀. Wọ́n ṣe ìrànwọ́ lóòótọ́, wọ́n kàn fi sábẹ́ rọ́ọ̀gì ni.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíì. Ìjọba àpapọ̀ wọn ló ń san nínú owó íntánẹ́ẹ̀tì fún aráàlú fúnra rẹ̀, 30 dọ́là lóṣooṣù, lábẹ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Affordable Connectivity Program, ilé tó forúkọ sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 23. Ó dára, àbí? Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ló tán. Àwọn aṣòfin ò fi kún un, nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2024 ètò náà kógbá sílé, bíìlì sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ́rùn àwọn tí wọ́n ti fi lọ́kàn balẹ̀. Èyí tó kù fún wọn láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni Lifeline, tó ti wà láti 1985 fún tẹlifóònù, tí wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì kún un ní 2016, dọ́là 9.25 ni lóṣù. Mi ò fojú rénà ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi 9.25 wé 30.

Èyí tó wù mí jù ni ti ìpínlẹ̀ New York. Àwọn ò gbé owó kalẹ̀, òfin ni wọ́n ṣe, pé ilé iṣẹ́ tó bá ń ta íntánẹ́ẹ̀tì sílé gbọ́dọ̀ ní èyí tó jẹ́ dọ́là 15 lóṣù fún 25 Mbps, tàbí dọ́là 20 fún 200 Mbps, fún ilé tí owó tó ń wọlé fún un kéré. 2021 ni wọ́n ti ṣe òfin yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n fà á lọ fà á bọ̀, oṣù kìíní ọdún 2025 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló dùn, ilé iṣẹ́ ńlá kan tiẹ̀ dáwọ́ dúró, wọn ò ta íntánẹ́ẹ̀tì ilé èyí tó ń gba ojú afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ yẹn mọ́ nítorí òfin náà. Síbẹ̀, owó tó wà nínú àpò ìjọba máa ń tán, òfin kì í tán bí owó ṣe ń tán. Finland ti ṣe òfin tirẹ̀ tipẹ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2010, ó di ẹ̀tọ́ gbogbo aráàlú láti ní láìnì 1 Mbps ó kéré tán, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kéèyàn rí i rà nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ kan wà tí ITU, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, àti UNESCO, èyí tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, jọ dá sílẹ̀ ní 2010 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ní 2018 wọ́n gbé òdiwọ̀n kan kalẹ̀, pé nígbà tó bá fi máa di 2025, íntánẹ́ẹ̀tì tó kéré jù láwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún èèyàn lóṣù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n owó ta ni? Wọ́n ní kí wọ́n ro owó gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ kí wọ́n wá fi iye èèyàn pín in. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ro owó oṣù mi pọ̀ mọ́ ti ọ̀gá tó ni ilé tí mò ń ṣọ́, tí wọ́n wá pín in sí méjì, èmi náà ti di olówó nìyẹn, lórí ìwé ṣá. Ohun tí wọ́n bá pè ní pọ́ọ́kú nípa ìṣirò yẹn lè gba ìdá mẹ́wàá owó ẹlòmíì. ITU kan náà ló sọ ní 2024 pé bíi bílíọ̀nù 2.6 èèyàn ni kò lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kò sì dá mi lójú pé gbogbo wọn ni kò sí máàstì nítòsí wọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìyára tí ẹ fi ṣe gbogbo tábìlì yín. Mi ò ní ìyára ò dáa, ṣùgbọ́n èló lèèyàn ń lò gan-an? Fídíò HD tó mọ́ kedere, 5 Mbps tó o. Ìpàdé orí fídíò kì í tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ká ní gbogbo wa nílé, àwa márààrún, ń wo fídíò HD lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, tí kì í sì í ṣẹlẹ̀, 25 Mbps ni. Ẹni tó ní kí n lọ ra 500 yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù ló fẹ́ tà fún ẹni tó fẹ́ gbé àpò ìwé. Wọ́n tún ní ẹ̀tàn kan, b kékeré àti B ńlá. Mbps tí wọ́n ń polówó, bíìtì ni, bíìtì mẹ́jọ ló sì ń di báìtì kan, torí náà láìnì 40 Mbps, tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, 5 MB ló máa gbé wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá ń wo dáńlóòdù tó ń fà, ẹ má tíì bú wọn, ẹ kọ́kọ́ fi mẹ́jọ pín Mbps tí wọ́n polówó fún yín.

Ibi tí wọ́n ti ń bọ́ aṣọ lára wa ni owó tí kò sí lójú pátákó ìpolówó. Ẹ̀yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn, ti oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni, pọ́ọ̀mò ni, tí ọdún bá yípo á fò sókè, ẹ ò sì lè jáde torí kọ́ńtíráàtì ọlọ́dún méjì lẹ fọwọ́ sí, tẹ́ ẹ bá jáde ẹ máa san owó ìtanràn. Owó kí wọ́n wá fa wáyà wọlé wà, owó rọ́tà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín wáí-fáì káàkiri ilé, náà wà. Rọ́tà yẹn gan-an, àwọn kan kì í tà á fún yín, wọ́n ń fi háyà fún yín ni, oṣù dé oṣù, ẹ ó sanwó rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, owó tí ì bá ra méjì, kò sì ní di tiyín. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin ohùn tútù yẹn bóyá mo lè lo tèmi, ó ní mo lè lò ó, ó kan ní kí n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́. Mo ra àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́, wọ́n rí sẹ́tíńgì rẹ̀ ṣe láti ọ̀hún, ó ń ṣiṣẹ́ dòní. Àti "àìlópin" tí wọ́n ń pariwo, ẹ béèrè ibi tó lópin sí. Púpọ̀ nínú wọn, tẹ́ ẹ bá ti lo dé ìwọ̀n kan, wọ́n á rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀, á máa wọ́ bí ìgbín, wọ́n á ní ṣèbí ẹ ṣì ń lò ó. Ti sátẹ́láìtì náà, fún ibi tí wáyà ò dé, owó oṣooṣù nìkan kọ́ ló ń lé tálákà sá, owó abọ́ tí wọ́n máa gbé sórí òrùlé náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà á, kò sì kéré.

Láìnì tí a wá gbà, àwa àti aládùúgbò wa ìyá kan tó ń gbé yàrá kejì ni. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè o, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé a ò gbọdọ̀ pín in kọjá ilé kan, ṣùgbọ́n tiwa gbà ká pín in. A ya wáí-fáì àlejò sọ́tọ̀ fún un pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kò lè wọ inú tiwa, àwa náà ò wọ inú tirẹ̀, ó sì ń mú ìdajì owó wá. Oṣù kan wà tí kò rí i mú wá, a gbé e, oṣù tó tẹ̀ lé e àwa ni a ò ní. Rọ́tà ọ̀hún, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo kọ́kọ́ gbé e sí, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa, àfìgbà tí mo gbé e sókè nítòsí ògiri tó pín wa, tí mo sì fi ìyá náà sórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì méjì tí rọ́tà ń lò, torí èkejì, 5 GHz, yára lóòótọ́ ṣùgbọ́n ògiri máa ń dá a dúró.

Ẹni tí dátà rẹ̀ ṣì lópin, fídíò ni olè inú ilé. HD lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá wọ inú sẹ́tíńgì tẹ́ ẹ fà á sílẹ̀, á wálẹ̀ gan-an, ojú fóònù kékeré ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà Windows máa ń fa ọ̀pọ̀ nǹkan sínú ara rẹ̀ láìsọ fún èèyàn, ẹ wọ inú sẹ́tíńgì rẹ̀, ẹ sọ fún un pé láìnì yín jẹ́ metered, ìyẹn èyí tó ní òdiwọ̀n, á rọra. Ìyẹn nìkan ló gba oṣù kan lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀, dátà ń lọ, kò sẹ́ni tó ń lo nǹkan kan, mo ti ń fura sí àwọn ọmọ, mo ti ń bú wọn.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún, ọ̀gá Olóòtú, nìyí. Ẹ tún tábìlì yẹn tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ jẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ gbogbo owó tí ilé kan máa san lọ́dún àkọ́kọ́, rọ́tà àti wáyà pọ̀ mọ́ ọn, kí ìlà kejì jẹ́ ti ọdún kejì lẹ́yìn tí pọ́ọ̀mò bá ti tán. Ẹ wá fi ìlà kẹta sí i, ṣé ilé iṣẹ́ yìí ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tí kò rí já jẹ, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé wo ni wọ́n máa gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè wọ́n, ẹ ò ní nílò láti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bíi tèmi, wọ́n á dá oníròyìn lóhùn. Tí wọ́n bá ní kò sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn.

Mo gé tábìlì yín àkọ́kọ́ mọ́ inú ìwé tí mo fi ń kọ owó dátà, mo fi ojú ewé kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ de èkejì.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, gáàdì alẹ́